Àgádágodo Mẹ́ta Lórí Ohùn Bàbá

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì ọdún 2023, Bọ̀dá Ìbíkúnlé gbé ohùn bàbá wa sórí WhatsApp ẹbí. Ọjọ́ Sátidé ni. Owó tuntun kò sí níta, àwọn ọlọ́jà kò sì gba ti àtijọ́ mọ́. Mo jókòó ti bọ́tìnì àti síìpù mi ní Ọjà Sabon Gari ní Kano láti àárọ̀, ẹni tó yà sọ́dọ̀ mi kò ju ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ. Nígbà tí fóònù mi dún, mo rò pé oníbàárà ni. Bàbá ló ń sọ̀rọ̀.

Bàbá ti kú láti ọdún 2009.

“Beatrice ọmọ mi,” ni ohùn náà wí, ariwo ọkọ̀ ojú irin ń dún lẹ́yìn rẹ̀, “màmá rẹ sọ fún mi pé o ti ń dáná. Mo ti rí ìrẹsì tí o dì fún mi gbà. O ṣeun, ọmọ mi. A ti fi dí ihò tó wà lára ògiri ọ́fíìsì wa. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní kí n bá wọn béèrè, irú símẹ́ńtì wo lo pò mọ́ ọn?”

Ẹ̀rín ló tẹ̀ lé e. Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ń wúkọ́.

Àǹtí Beatrice ni àkọ́bí ilé wa. Òun ló ń se oúnjẹ ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkórè fún ìjọ wa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ẹbí tó wà ní Ìlọrin ti sọ ọ́ ní Màmá Símẹ́ńtì. Àwọn ọmọ Bọ̀dá Ìbíkúnlé, tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ Hausa ni wọ́n fi ń dáni lóhùn, ń pè é ní Gwaggo Siminti, ìyẹn Àǹtí Símẹ́ńtì. Àǹtí gun adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wá sílé wa, ó sì ti bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó dúró.

“Ìbíkúnlé dà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀.”

“Má kí mi. Ta ló ní kí o gbé e síta?”

“Ẹ ò rí i pé ó dùn? Gbogbo ẹbí ló rẹ́rìn-ín.”

“Mo ní oúnjẹ òkú láti sè lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọmọ olókùú pè mí lórí fóònù nísinsìnyí. Ó ní ṣé àwọn ló máa ra símẹ́ńtì ni àbí èmi ni mo máa mú un wá.”

Màmá wa, lórí àga rẹ̀, fi etí ìró bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Màmá, ẹ̀yin náà?”

“Èmi ò sọ nǹkan kan o,” ni Màmá wí. “Ọkọ mi ló sọ̀rọ̀.”

Àǹtí Beatrice dúró ti Bọ̀dá títí ó fi pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ó pe gbogbo ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n pa tiwọn rẹ́. Àwọn tó wà ní Sabon Gari, ilé wọn ló lọ, ó gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi pa á rẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí ohùn náà ṣe dé ọwọ́ wa. Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni Bàbá ní rélùwéè, Aaron lorúkọ rẹ̀. Màmá kò kàwé, Bàbá kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn máa ka lẹ́tà òun sí ìyàwó òun létí. Nítorí náà, tí iṣẹ́ bá gbé e lọ sí Káfánchán tàbí Ńgúrù tàbí Káúrà Námódà, á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, á fi rán gáàdì tó bá ń bọ̀ ní Kano. Màmá á ti ilẹ̀kùn yàrá, á ti kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò, á sì máa dá ọkọ rẹ̀ lóhùn bí ẹni pé ó jókòó síbẹ̀. “Irọ́ lò ń pa, Gáàdì.” “Ta ló sè é fún ọ?” Àwa ọmọ máa ń fetí lé ilẹ̀kùn.

Mẹ́sàn-án péré ló kù nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà nígbà tí Bàbá kú. Ooru Kano kò ṣe wọ́n dáadáa. Tí a bá fi wọ́n sínú rédíò, ohùn Bàbá á máa fà bíi ti ẹni tó mutí yó, bẹ́ẹ̀ Bàbá kò mutí rí. Ní ọdún 2022, ọdún tí ẹ̀rọ iná àdúgbò wa jó tí a sì wà nínú òkùnkùn títí òjò fi dé, Bọ̀dá Ìbíkúnlé ra kọ̀ǹpútà kan lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó ti kógbá sílé. Ìgbàkigbà tí a bá tàn án pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, láìsẹ́nsì ló máa ń béèrè. Fáírọ́ọ̀sì ti kún inú rẹ̀. Kí ó tó ṣí tán, ẹ̀wà tí a gbé kaná á ti jinná.

Collins ló wá wò ó. Ọmọ Ígbò ni, Kano ni wọ́n bí i sí bíi tiwa, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi Linux sí i, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni. No licence, no wahala.”

“Ọ̀fẹ́ báwo?” Àǹtí Beatrice ló béèrè.

“Àwọn èèyàn káàkiri ayé ni wọ́n jọ ń kọ ọ́, Àǹtí. Ẹnikẹ́ni lè gbà á. Ẹnikẹ́ni lè wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ lè tún un ṣe.”

“Kí ni wọ́n wá ń jẹ?”

“Wọ́n níṣẹ́ mìíràn, Àǹtí.”

“Ìjọ wo ni wọ́n ń lọ?”

Collins wojú mi.

“Ẹni tó bá fún mi ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́,” ni Àǹtí Beatrice wí, “tí kò béèrè orúkọ mi, tí kò ní kí n wá sípàdé, kí ló ń wá lọ́wọ́ mi?”

Màmá ló dá a lóhùn. “Beatrice, ràǹdá, ìkòkò omi tó wà níwájú ilé Alhaji aládùúgbò wa, ṣebí o máa ń mu níbẹ̀ tí oòrùn bá mú. Ta ló béèrè ìjọ rẹ?”

Bí Linux ṣe wọlé wa nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ń ṣí kí omi tó hó. Bọ̀dá Ìbíkúnlé rí káàdì nínú rẹ̀, èyí téèyàn lè máa dá ta láìsí ẹnìkejì, ìyàwó rẹ̀ kò sì rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Collins fi wáyà so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà nínú Linux náà, ọ̀fẹ́ ni òun náà. A fi ohùn Bàbá sínú rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì kan tẹ̀ lé òmíràn. Rédíò jẹ àwọn kan bí wọ́n ṣe parí. Àwọn tó kù, Màmá fúnra rẹ̀ ló ní iṣẹ́ wọn ti parí, ó fa okùn inú wọn jáde, ó ta á sókè orí ata tó ń sá. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, ó ń dún, ẹyẹ kankan kò sún mọ́ ata wa lọ́dún náà. Àwọn ẹyẹ bẹ̀rù Bàbá ju àwa ọmọ rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday ni Màmá máa ń gbọ́ ọkọ rẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù ni èyí tí Bàbá fi ránṣẹ́ láti Káúrà Námódà. Ní òpin rẹ̀, lẹ́yìn yẹ̀yẹ́ gbogbo, Bàbá á dákẹ́, á wá gbàdúrà fún un: “Ruth, aya mi, ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀.” Àdúrà náà gùn. Màmá á máa ṣe àmín lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì wọlé lọ sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn kí símẹ́ńtì tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn símẹ́ńtì, Àǹtí Beatrice pe ìpàdé. Òun ni akápò Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ní ìjọ wa. Àpótí ìkórè wọn ní àgádágodo mẹ́ta, èèyàn mẹ́ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ pé kí ó tó ṣí.

“Bí a ṣe ń ṣe àpótí ìkórè la ó ṣe ohùn Bàbá,” ó ní. “Kò ní sí ẹni tó máa dá nìkan ṣí i mọ́.”

Collins ní Linux lè ti gbogbo inú kọ̀ǹpútà pa. “Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àṣírí kan ṣoṣo ló ń gbà bíi kọ́kọ́rọ́, Àǹtí. Kì í ṣe mẹ́ta.”

“A ó pín in. Èmi á tẹ tèmi, Ìbíkúnlé á tẹ tirẹ̀ tẹ̀ lé e, Fúnlọ́lá á fi tirẹ̀ parí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ti ẹnìkejì.” Èmi ni Fúnlọ́lá tó wí.

Collins rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Àwọn tó kọ ọ́ ò ronú dé ibẹ̀ yẹn o.”

Ó kọ́kọ́ kó ohùn Bàbá sínú fláàṣì kékeré kan, ó tún fi Linux sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú títì náà, a tẹ ọ̀rọ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dá ohùn náà padà. Lẹ́yìn èyí ó na fláàṣì sí wa. “Ẹ tọ́jú èyí dáadáa. Ẹ̀dà ni.”

“Ẹ̀dà wo?” ni Àǹtí Beatrice wí. “A ti ilẹ̀kùn iwájú tán, o fẹ́ ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀?”

“Kọ̀ǹpútà máa ń bàjẹ́, Àǹtí.”

“Àpótí ìjọ wa kò ní ẹ̀dà.”

Níṣojú wa ni Collins ti pa ti inú fláàṣì rẹ́. Inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Ìrọ̀lẹ́ Sunday wá di nǹkan mìíràn. Tí ẹnì kan bá ń tẹ tirẹ̀, àwọn méjì yòókù á kọjú sí ògiri. Kọ̀ǹpútà náà kì í fi nǹkan kan hàn lójú rẹ̀ tí a bá ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe lẹ́tà, kì í ṣe àmì kankan, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fún adití ni. Àǹtí Beatrice máa ń da gèlè bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bọ̀dá Ìbíkúnlé ń tẹ tirẹ̀ bí ẹni tí ń pa èèrà. Tí ọ̀kan nínú wa bá ṣì í, a máa tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́.

“Ta ló ṣì í?”

“Kì í ṣe èmi.”

“Ọwọ́ rẹ ló wúwo, Ìbíkúnlé.”

“Gèlè yín ló ń tẹ lẹ́tà, ẹ̀gbọ́n mi.”

Màmá á jókòó, á káwọ́ lé itan. “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé bàbá yín náà lẹ tì mọ́lé báyìí?”

Síbẹ̀, ó ń ṣí. Ó ṣí bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni Bọ̀dá gbé ife kúnú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù níbi tó ti ń ta káàdì. Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni, ooru náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri fi ń gbóná mọ́ni lẹ́yìn. Kúnú dà sórí kíbọ́ọ̀dù, kíbọ́ọ̀dù sì kú. A ra òmíràn lọ́jà. Nígbà tó di Sunday, a tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà kọ̀. A tún un tẹ̀. Ó kọ̀.

“Ẹnì kan ti gbàgbé tirẹ̀,” ni Àǹtí Beatrice wí. Bọ̀dá ló ń wò.

“Kí ló dé tó jẹ́ èmi lẹ̀ ń wò? Fúnlọ́lá wà níbẹ̀.”

“Fúnlọ́lá kì í gbàgbé nǹkan kan. O ò mọ̀ ọ́n?”

Òtítọ́ ni. N kò gbàgbé tèmi.

Collins dé, ó gbìyànjú, ó dá ọwọ́ dúró. Bọ̀dá bínú sí i. “Ìwọ lo sọ pé ẹnikẹ́ni lè wo inú Linux. Wò ó nígbà náà!”

“Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe rọ àgádágodo ni gbogbo èèyàn lè wò. Kọ́kọ́rọ́ tiyín ò sí níbẹ̀.” Ó gbé kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ yẹ̀ wò. “Ó lè jẹ́ pé lẹ́tà kan ti kú lórí èyí kí kúnú tó dà á. Ẹ ò lè mọ̀, nítorí kì í fi nǹkan kan hàn. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi kí n máa tẹ̀ ẹ́ lórí tuntun yìí, kí n máa fo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wò.”

Mo sọ tèmi. Kílàsì ni, nítorí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ tí mo lọ. Kò sí ẹni tó bìkítà.

Bọ̀dá họ orí. “Tèmi…” Ó wo Àǹtí Beatrice, ó wo ilẹ̀kùn. “Tèmi ni símẹ́ńtì.”

“Ọdún kan,” ni Àǹtí Beatrice wí. “Gbogbo Sunday. Mo tẹ tèmi tán, ìwọ sì tẹ èébú lé e lórí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó rọrùn láti rántí ni.”

Ó kó gèlè rẹ̀, ó jáde. Ó kọ̀, kò sọ tirẹ̀. A pè é, kò gbé e. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin, ọjọ́ ìrántí Bàbá, ń bọ̀, ohun kan ṣoṣo ni Màmá sì ń béèrè: kí òun gbọ́ àdúrà Káúrà Námódà lọ́jọ́ náà. Collins ní láti lọ sin ẹbí rẹ̀ kan nílé. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó wí fún wa pé, “Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ṣáà bẹ Àǹtí.”

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, Màmá ní kí n mú òun lọ sílé Àǹtí Beatrice. A bá a nídìí iná. Màmá jókòó.

“Màmá, tí ẹ bá wá bẹ̀ mí nítorí Ìbíkúnlé…”

“Ta ló bẹ̀ ọ́? Ebi ń pa mí. Bu ìrẹsì fún mi.”

Ó bù ú. Màmá jẹ ẹ́ tán, ó la ọwọ́. “Beatrice, ó dùn. Gáàdì ò dúró jẹ ẹ́, òun ló pàdánù.” Ó nu ẹnu rẹ̀. “Mo ti di arúgbó, ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀ mọ́. Àmín ni mo fẹ́ ṣe. Ẹni tí mo máa ṣe é sí lẹ tì mọ́nú àpótí.”

Àǹtí Beatrice kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń ro ìkòkò tí kò yẹ ní ríro mọ́. “Mo máa wá lọ́jọ́ Sátidé,” ó ní. “Màá sọ ọ́.”

Ó wá lóòótọ́. Ọjọ́ tó ṣáájú ìrántí ni. A jọ wọlé, ẹ̀rín Bọ̀dá Ìbíkúnlé la kọ́kọ́ rí. Kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, kò béèrè ọ̀rọ̀ kankan.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Mo ti yanjú ẹ̀.”

“Báwo?”

“Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Zoo Road. Wọ́n fún mi ní Linux tuntun, ọ̀fẹ́. Mo fi rọ́pò ti àtijọ́. Tí ilẹ̀kùn bá kọ̀ tí kò ṣí, ṣebí a máa ń yọ ilẹ̀kùn ni? Yàrá á ṣì wà níbẹ̀.” Ó fọwọ́ lu àyà. “Kọ̀ǹpútà tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Títì yẹn ni mo ní kí ó pa rẹ́.”

“Ohùn Bàbá dà?” ni mo béèrè.

“Ó wà níbẹ̀. Mo ń wá a.”

Ó ṣí ibi kan, òfìfo. Ó ṣí òmíràn, òfìfo. Káàdì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní bí abọ́ tuntun. Ẹ̀rín ń kúrò lójú Bọ̀dá díẹ̀díẹ̀. A pe Collins. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin.

“Ọ̀gá, ohun tí ẹ tẹ̀ yẹn, yàrá náà lẹ wó.”

“Kò sí bí o ṣe lè mú un padà?”

“Àwọn tó kọ ọ́ gan-an ò lè mú un padà.”

Àǹtí Beatrice gba fóònù náà. “Collins, ìyámikékeré ni tèmi. Ohun tí Bàbá ń pè mí nìyẹn kí n tó mọ oúnjẹ sè. Lẹ́tà k orí kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ yẹn máa ń le mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rò pé ó ń wọlé.”

“K yẹn là bá fò, Àǹtí,” ni Collins wí. “Ì bá ti ṣí.”

Bọ̀dá Ìbíkúnlé da ojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Àǹtí Beatrice gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá a lórí, ọwọ́ náà wá bà lé e lẹ́yìn ọrùn, ó sì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, a jókòó yí Màmá ká. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí a má sọkún, òun mọ gbogbo rẹ̀ lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín ọkọ rẹ̀ jẹ. Ó sọ ti ògiri ọ́fíìsì. Ó sọ ti ewúrẹ́ tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ńgúrù tí wọ́n béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ń wúkọ́. Àǹtí Beatrice rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Lẹ́yìn náà ni Màmá kan àdúrà Káúrà Námódà. “Ruth, aya mi,” ó ní, ó sì dúró.

“Ẹ máa bá a lọ, Màmá,” ni Bọ̀dá wí.

“Ṣé èmi náà ni mo máa tún ṣe àmín rẹ̀ ni?” Màmá béèrè. Ó dìde, ó wọlé lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ni. Ohùn bàbá wa kò sí níbì kankan mọ́.